Ẹ má tíì kó ẹja sí i: Bí ẹ ṣe lè mú àpótí gíláàsì tuntun gbó kí ẹja yín má baà kú

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí, ìyẹn aquarium, sábà máa ń ra ẹja mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n á pọn omi sí i, wọ́n á tan iná, ẹja á máa lúwẹ̀ẹ́, inú àwọn ọmọ á sì máa dùn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹja kan á léfòó, èkejì á tẹ̀lé e. Àwọn kan á ní ẹja tó ti ń ṣàìsàn ni wọ́n tà fáwọn. Àwọn míì á ní àwọn ò lọ́wọ́ ohun ọ̀sìn ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi yẹn ló pa wọ́n, bó tilẹ̀ mọ́ gaara lójú.

Ohun tí àpótí tuntun ò tíì ní ni àwọn bakitéríà tó ń jẹ ìdọ̀tí ẹja. Wọn kì í pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ débi tí wọ́n á lè ṣiṣẹ́. Mímúra àpótí sílẹ̀ dè wọ́n yìí ni àwọn tó ń sin ẹja ń pè ní cycling. Nínú àlàyé yìí, a ó pè é ní mímú àpótí gbó, bí èso ṣe máa ń gbó kó tó ṣeé ká.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú omi?

Inú omi tí ẹja ń gbé náà ló ń ya ìdọ̀tí sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí náà ni amóníà, ibi pupa tí ẹja fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló sì ń gbà jáde. Amóníà yìí náà ni òórùn rẹ̀ máa ń ta wá nímú nílé ìtọ̀ tí wọn ò fọ̀. Oúnjẹ tí ẹja ò jẹ tán, tó wá jẹrà sísàlẹ̀, náà á di amóníà. Ojú ò lè rí i nínú omi, àmọ́ ó máa ń jó ibi tí ẹja fi ń mí, ó sì lè pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Irú àwọn bakitéríà kan wà tó jẹ́ pé amóníà ni oúnjẹ wọn. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á sọ ọ́ di nitrite. Nitrite náà májèlé ni. Ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, á sì sọ ẹ̀jẹ̀ náà di aláwọ̀ igi. Ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹja á fi máa yọ ẹnu sójú omi bíi pé èémí fẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì pọ̀ nínú omi.

Àwọn bakitéríà kejì ló wá ń jẹ nitrite, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di nitrate. Agbára nitrate láti pa ẹja kéré gan-an sí ti àwọn méjì àkọ́kọ́, ẹ sì lè fi pípààrọ̀ omi dín in kù. Bí wọ́n ṣe máa kọ orúkọ nitrite àti nitrate sára páálí ìdánwò omi nìyẹn, torí náà, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ má baà ṣì wọ́n mú. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀, àmọ́ ọ̀kan ń pa ẹja kíákíá, èkejì ò rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ àwọn bakitéríà yìí kì í ṣe ohun tuntun. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Sergei Winogradsky, ya irú wọn sọ́tọ̀ láti inú ilẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1890. Àwọn kan náà ló ń sọ ìgbẹ́ ẹran di ajílẹ̀ tí irè oko lè lò. Nitrosomonas wà lára àwọn tó ń jẹ amóníà, Nitrospira sì wà lára àwọn tó ń jẹ nitrite. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn kan nínú ìran Nitrospira lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ibi tí wọ́n ń gbé ló yẹ kí ẹ mọ̀ jù. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ léfòó kiri nínú omi. Ara nǹkan ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́: fóòmù inú ẹ̀rọ asẹ́ omi, òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀, ara gíláàsì, ara ewé. Ẹni tó bá fọ gbogbo èyí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti fọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dànù.

Ẹja àrọ̀ yàtọ̀ sí goldfish

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ ni ẹja àrọ̀. A máa ń rí i lọ́jà nínú abọ́ tí omi ẹ̀ ti dúdú, tó ṣì ń jà pìtìpìtì. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ibi tó fi ń mí, èyí tó ń jẹ́ kó lè mí afẹ́fẹ́ òkè bíi tiwa. Tí omi bá bàjẹ́, á yọrí sókè, á mí, á padà wọlé. Goldfish àti guppy ò ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Omi tí àrọ̀ á fi ṣe ilé lè pa àwọn yẹn kílẹ̀ tó mọ́.

Àwọn ohun tí ẹ máa nílò

Àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó sì ga ní 30 dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi òòró, ìbú àti gíga lọ ara wọn, kí ẹ pín in sọ́nà 1,000, lítà omi tó lè gbà nìyẹn: lítà 54. Omi lítà 54 wúwo tó kílò 54, láìka gíláàsì àti òkúta. Torí náà, orí tábìlì tó lágbára ni kí ẹ gbé e lé, kó má sì sí níbi tí oòrùn ti ń wọlé tààrà.

Lẹ́yìn náà, ẹ nílò ẹ̀rọ asẹ́ omi. Èyí tó jẹ́ fóòmù lásán, tí ẹ̀rọ kékeré ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ló rọrùn jù fún wa, ìdí rẹ̀ á hàn níwájú. Ẹ nílò òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ fi omi nìkan fọ̀, láìlo ọṣẹ. Lópin gbogbo ẹ̀, ẹ nílò páálí ìdánwò omi tó lè wọn amóníà, nitrite, nitrate àti pH. Èyí tí wọ́n ń kán olómi sínú ìgò kékeré sábà máa ń péye ju bébà tí wọ́n ń tì bọ omi lọ. Tówó bá fẹ́ ká yín lọ́wọ́ kò, ẹ dín iye ẹja kù, àmọ́ ẹ má yọ ìdánwò omi kúrò.

Omi wo ni kí ẹ lò?

Omi ẹ̀rọ ìjọba sábà máa ń ní kílórínì. Ohun tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn náà lè pa bakitéríà tí ẹ ń dúró dè. Ẹ pọn omi náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ò ní ìdérí, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ atẹ́gùn máa hó nínú ẹ̀ fún wákàtí 24, kílórínì á ti fò lọ. Àmọ́ irú kan tó ń jẹ́ chloramine kì í fò lọ bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń pa kílórínì, tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja gíláàsì, ló lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀.

Omi borehole àti ti kànga kì í sábà ní kílórínì, àyàfi tí wọ́n bá da oògùn sí i. Àmọ́ èyí tó wá láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lè máà ní afẹ́fẹ́ tó pọ̀, òmíràn sì ní irin tó máa ń sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì di pupa. Ẹ jẹ́ kí òun náà hó fún ọjọ́ kan, kó sì silẹ̀. Kí ẹ tó lò ó, ẹ dán an wò fún amóníà àti nitrate, torí kànga tó sún mọ́ ṣaláńgá tàbí soakaway lè ti ní wọn nínú látilẹ̀.

Omi òjò mọ́, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní èròjà ilẹ̀ nínú. Bí àwọn bakitéríà bá ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, pH á máa lọ sílẹ̀. Tó bá fi lè kéré sí 6, iṣẹ́ wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Tí omi òjò nìkan lẹ bá ní, ẹ po omi kànga tó dára mọ́ ọn, tàbí kí ẹ fọ ìkarahun ìgbín mọ́, kí ẹ sè é, kí ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sínú àpò nẹ́ẹ̀tì kékeré, kí ẹ sì jù ú sínú omi. Díẹ̀díẹ̀ ló máa yọ́, kò ní jẹ́ kí pH já wálẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

1. Ẹ to òkúta, ẹ pọn omi tó ti silẹ̀ sí i, ẹ tan ẹ̀rọ asẹ́ omi. Tọ̀sán-tòru ni kó máa ṣiṣẹ́. Ẹ má kó ẹja kankan sí i.

2. Ẹ fún àwọn bakitéríà lóúnjẹ. Ẹ lè máa fi ìka méjì bu oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i lójoojúmọ́, bíi pé ẹja kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta wà níbẹ̀. Ẹ sì lè di edé tútù kan sínú nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ jẹ́ kó jẹrà nínú omi. Àwọn míì máa ń lo ammonium chloride. Tí ẹ bá po gíráàmù 10 rẹ̀ mọ́ lítà omi kan, mílílítà 31 nínú àpòpọ̀ yẹn á fún lítà 50 omi ní bíi 2 ppm amóníà, ìyẹn mílígíráàmù 2 nínú lítà kan. Tó bá jẹ́ amóníà olómi tí wọ́n fi ń fọ ilé lẹ fẹ́ lò, kò gbọ́dọ̀ ní lọ́fínńdà tàbí ọṣẹ nínú. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ bílíìsì bíi Hypo láéláé, èéfín tó máa ń jáde níbẹ̀ lè ṣe èèyàn léṣe.

3. Ẹ máa dán omi wò ní ọjọ́ méjì-méjì, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí amóníà wà ní ìwọ̀n 2 ppm. Tó bá ti ju 4 lọ, ẹ dá oúnjẹ dúró.

4. Tí amóníà bá ti já sí bíi 0.5, ẹ tún fi oúnjẹ sí i. Bakitéríà tí ebi bá pa pẹ́ á dín kù.

Kí lẹ máa rí lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ kìíní: amóníà á máa gòkè, nitrite á ṣì wà ní òdo. Omi lè funfun bí omi ẹ̀kọ lọ́jọ́ mélòó kan. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì dà á nù. Bakitéríà míì tó ń jẹ ohun tó jẹrà ló ṣe bẹ́ẹ̀, á sì mọ́ fúnra ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì: nitrite á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, amóníà á sì máa wálẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ ti dé nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin: amóníà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àmọ́ nitrite á ga gan-an. Ibí yìí ló máa ń tán ọ̀pọ̀ èèyàn ní sùúrù. Wọ́n á rí i pé amóníà ti di òdo, wọ́n á sáré lọ ra ẹja, nitrite á sì pa wọ́n. Tí nitrite bá kọ̀ tí kò wálẹ̀ rárá, ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ sì pààrọ̀ ìdajì omi.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà: nitrite á já wálẹ̀, nígbà míì láàárín ọjọ́ méjì péré, nitrate á sì ti pọ̀.

Omi tiwa níbí kì í tutù bíi ti ilẹ̀ òyìnbó, ìyẹn sì ń ran àwọn bakitéríà lọ́wọ́, torí wọ́n fẹ́ràn ìwọ̀n ooru 25 sí 30. Ó lè yá díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Àmọ́ ẹ má fi ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà ṣe ìdájọ́, ohun tí ìdánwò bá sọ ni kí ẹ gbà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbó?

Ẹ fi amóníà tó máa jẹ́ 2 ppm sí i. Tí ẹ bá dán omi wò lẹ́yìn wákàtí 24, tí amóníà jẹ́ òdo, tí nitrite náà jẹ́ òdo, tí nitrate sì wà níbẹ̀, àpótí yín ti gbó. Tó bá jẹ́ oúnjẹ ẹja tàbí edé lẹ lò, méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní òdo fún bíi ọ̀sẹ̀ kan gbáko, bí ẹ ṣe ń fi oúnjẹ sí i lọ. Tó bá dà bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ omi tó ju ìdajì lọ kí nitrate lè dín kù, kí ẹ wá lọ ra ẹja láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?

Àwọn bakitéríà yìí ń mí afẹ́fẹ́ bíi ti ẹja. Tí omi ò bá ṣàn gba inú fóòmù kọjá mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ̀rọ asẹ́ tó jẹ́ àgbá onídèérí lòun máa ń tètè bàjẹ́ jù, torí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ìdí tí fóòmù lásán fi dára fún wa nìyẹn. Inú omi gbalasa ló wà, ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Ẹ lè ra èyí tó ń lo bátìrì tàbí tí wọ́n ń ṣáájì, kó máa gba iṣẹ́ ṣe nígbà tí iná bá lọ.

Tí ẹ ò bá ní ìyẹn, ẹ máa fi kọ́ọ̀pù bu omi àpótí, kí ẹ máa dà á padà láti òkè kó lè hó, kí ẹ sì tún un ṣe ní ìgbà dé ìgbà. Ẹ má fún ẹja lóúnjẹ títí iná á fi dé. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ onídèérí ló ti dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ kọ́kọ́ da omi inú ẹ̀ nù kí ẹ tó tan án, kó má baà tú ìdọ̀tí sára ẹja.

Ṣé a lè mú un yá?

Bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tí àpótí tiẹ̀ ti gbó, tí ẹja ẹ̀ ò sì ṣàìsàn. Ẹ tọrọ fóòmù tàbí òkúta díẹ̀ látinú àpótí náà. Nínú omi ni kí ẹ ti gbé e wálé, kó má gbẹ rárá. Omi àpótí rẹ̀ nìkan ò ní ṣe púpọ̀, torí a ti sọ pé ara nǹkan ni bakitéríà ń gbé. Bakitéríà inú ìgò náà wà tí wọ́n ń tà. Òmíràn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ èyí tó ti pẹ́ lórí àtẹ tàbí tó ti jókòó sínú oòrùn lè ti kú tán. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ìdánwò omi ṣì ni kó sọ bóyá ó ti gbó.

Tí ẹja bá ti wà nínú ẹ̀ ńkọ́?

Ẹ máà tíì kó wọn dànù. Ẹ máa dán omi wò lójoojúmọ́. Tí amóníà tàbí nitrite bá ti tó 0.5, ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi náà sí ìdajì, kí ẹ sì rí i dájú pé kílórínì ò sí nínú tuntun. Ọjọ́ méjì-méjì ni kí ẹ máa fún wọn lóúnjẹ, díẹ̀ tí wọ́n á jẹ tán kíá. Tí nitrite bá ga, ìdajì gíráàmù iyọ̀ sí lítà omi kan kì í jẹ́ kó ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja púpọ̀. Goldfish, guppy àti molly lè gba ìyẹn.

Ẹ tún máa wo pH. Nínú omi tó ní ooru 25, tí pH ẹ̀ jẹ́ 7, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún amóníà tó jẹ́ irú tó burú jù. Tí pH bá di 8, á ti tó bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Iye kan náà tí ìdánwò fi hàn lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ ewu nílé kan, kó má fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ewu nílé kejì.

Lẹ́yìn tó bá ti gbó

Ẹ má kó ẹja mẹ́wàá sí i lẹ́ẹ̀kan. Kékeré méjì tàbí mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ dúró ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí bakitéríà lè pọ̀ sí i, kí ẹ tó fi kún un. Guppy dára fún lítà 54. Goldfish máa ń dàgbà ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, àpótí tó tóbi jù ìyẹn ló yẹ ẹ́. Tí ẹ bá gbé ẹja dé, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ léfòó nínú àpótí fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ooru omi méjèèjì lè bára mu.

Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ bí ìdá mẹ́rin omi. Tí fóòmù bá dọ̀tí, inú omi tí ẹ bù jáde látinú àpótí ni kí ẹ ti fún un, ẹ má fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Omi tí ẹ bá bù kúrò, tí kò bá ti ní iyọ̀ tàbí oògùn nínú, ẹ dà á sídìí ẹ̀fọ́ yín. Nitrate tí ẹja ò fẹ́ ni ẹ̀fọ́ ń wá.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, tí ìdánwò omi sì fi òdo hàn fún amóníà àti nitrite kó tó ra ẹja, kò ní máa ra ẹja tuntun ní gbogbo òpin oṣù láti fi rọ́pò èyí tó kú. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.